Ọmọ mélòó ló tó kí èèyàn má dá wà lọ́jọ́ ogbó?

Àbẹ̀kẹ́_Leeds

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ lórí WhatsApp ẹbí wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, n ò sì tíì rí ẹni bá sọ ọ́ tán. Àbúrò mi obìnrin tó ṣègbéyàwó lẹ́nu àìpẹ́ yìí sọ pé ọmọ kan ṣoṣo ni òun àti ọkọ òun máa bí, àwọn ti jọ fẹnu kò sí i. Màmá wa, tí wọ́n ti lé ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin, fi ohùn ránṣẹ́ láti Òṣogbo. Wọ́n ní, "Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ọmọ kan ṣoṣo, tí ìyẹn bá wá forí lé ìdálẹ̀ ńkọ́?" Àbúrò mi dáhùn lójú ẹsẹ̀: "Màmá, ọmọ márùn-ún lẹ bí. Ta ló wà lọ́dọ̀ yín báyìí?"

Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Bẹ́ẹ̀ òótọ́ ló sọ. Ọ̀kan nínú wa wà ní Houston, ọ̀kan ní Abuja, ọ̀kan ní Port Harcourt, àbúrò mi yìí ní Èkó, èmi ní Leeds. Ọmọbìnrin kan tí a ń sanwó fún ló ń bá Màmá gbé.

Èyí tó wá ń jẹ mí lọ́kàn jù ni iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Iṣẹ́ kíà ni. Mò ń wẹ àwọn arúgbó, mò ń fún wọn lóúnjẹ, mò ń gbé wọn dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn Òyìnbó kò bímọ tó mọ́ (ní England àti Wales, ó ti wálẹ̀ dé nǹkan bí 1.4 fún obìnrin kan), àgbà sì pọ̀ láàárín wọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fún àwa oníkíà láàyè físà ní oṣù kejì ọdún 2022. Ní oṣù kẹta 2024 wọ́n ní ẹni tó bá ń bọ̀ tuntun kò gbọ́dọ̀ mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Nígbà tó di oṣù keje 2025 wọ́n fòpin sí gbígba oníkíà tuntun láti òkèèrè. Èmi ti wọlé kó tó dìgbà yẹn. Ìyá onìyá ni wọ́n ń sanwó fún mi láti tọ́jú, nínú owó náà ni mo ti ń san ti ọmọ ọlọ́mọ tó ń tọ́jú ìyá tèmi.

Ìbéèrè mi ni pé, ṣé iye ọmọ ni wàhálà yìí, àbí nǹkan mìíràn ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú àbúrò mi.

Ọlọ́mọ_ló_layé

Màmá ló jàre. Ẹ bí wọn o! Òyìnbó fẹ́ kí a tán nílẹ̀ ni. Àwọn tiwọn ti ń tán, wọ́n wá fẹ́ kó ràn wá.

Tíṣà_Ìjẹ̀bú

Ọmọ mi Àbẹ̀kẹ́, o kú iṣẹ́, Ọlọ́run á máa bá ọ ṣọ́ Màmá. Jọ́gíráfì ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ níwèé títí mo fi fẹ̀yìn tì, nítorí náà ẹ má bínú bí mo bá sọ̀rọ̀ gùn.

Ìwọ Ọlọ́mọ_ló_layé, jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ọ lóhùn. Bàbá mi fẹ́ ìyàwó mẹ́ta, àwa mẹ́tàdínlógún la jẹ́ ọmọ rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Babangida gbé ètò jáde ní 1988 pé kí obìnrin kan má bí ju mẹ́rin lọ, ìyàwó mi ti bí mẹ́rin, a ní ó tó. Nínú àwọn mẹ́rin náà, kò sí èyí tó bí ju méjì lọ. Òyìnbó wo ló wá sí yàrá wọn? Nínú ìwádìí ìlera tí wọ́n ń ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè yìí, ìpíndọ́gba ọmọ fún obìnrin kan jẹ́ 6 ní 1990. Ní ti 2023 sí 2024, ó ti di 4.8. Ẹ wá wo ti 2018: Katsina 7.3, gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù 3.9, Èkó 3.4. Àwa Yorùbá ti ń dín in kù tipẹ́, a kàn ń fi ẹnu sọ ohun mìíràn níbi ìkómọjáde ni.

Ìdí rẹ̀ ńkọ́? Ọkùnrin kan wà, John Caldwell, ará Ọsirélíà, onímọ̀ nípa iye èèyàn, tó ṣèwádìí láàárín àwa Yorùbá gan-an ní àwọn ọdún 1970. Àwọn onímọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí àwọn ará Áfíríkà ń bímọ tó bẹ́ẹ̀, bí ẹni pé wọn kò mọ ìṣirò. Òun ní rárá, ìṣirò wọn pé. Ọmọ ọdún mẹ́fà ti ń pọnmi, ó ń lé ẹyẹ lóko, ó ń kiri ọjà. Tó bá dàgbà tó ríṣẹ́, ilé ló ń fi owó ránṣẹ́ sí. Owó àti agbára ń ti ọwọ́ ọmọ bọ́ sọ́wọ́ òbí, ta ni yóò wá ní kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kéré? Ọjọ́ tí òbí bá bẹ̀rẹ̀ sí í ná sórí ọmọ ju ohun tó ń rí gbà padà, ó ní ọjọ́ náà ni ọmọ bíbí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Ní Ìbàdàn níbẹ̀, ó ti rí àwọn tọkọtaya díẹ̀ tó ti mọ̀ọ́mọ̀ dá ọmọ bíbí dúró nígbà náà, àwọn alákọ̀wé ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Tèmi ni pé ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 1955, nígbà tí Awólọ́wọ̀ mú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wá sí Ìwọ̀-Oòrùn. Ọmọ kúrò lóko, ó wọ kíláàsì. Mo wà lára wọn. Bàbá mi kùn títí, nítorí ọwọ́ tó yẹ kó di ọkọ́ ló wá di kálámù mú.

Ohun kan wà tí ìṣirò owó yìí nìkan kò lè sọ tán ṣá. Àwa kì í fi owó nìkan ka ọmọ. Orúkọ tí yóò jẹ́, ilẹ̀ tí yóò dúró lé, ẹni tí yóò sin òkú, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìṣirò náà.

Bọ̀dé_Àkúrẹ́

Bàbá, ẹ ṣeun. Mo fẹ́ kí ẹ ti jẹ́ tíṣà mi. Tèmi ń fi pàṣán nà wá ni, kò kọ́ wa ní nǹkan kan.

Kọ́lá_Daejeon

Ẹ káàárọ̀ (ilẹ̀ ti mọ́ níbí). Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Kòríà Gúúsù. Ẹ̀gbọ́n Àbẹ̀kẹ́, ìdáhùn ìbéèrè yín wà ní ìlú tí mo wà yìí, kò sì dùn ún gbọ́.

Ní 1960, obìnrin ibí ń bí tó ọmọ mẹ́fà, gẹ́gẹ́ bíi tiwa. Ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ jà tán ni, ìṣẹ́ pọ̀. Ìjọba wá ń lẹ bébà mọ́ ògiri káàkiri ní àwọn ọdún 1970 pé ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, kí oníkálukú bí méjì péré kó sì tọ́ wọn dáadáa. Àwọn èèyàn gbọ́. Wọ́n gbọ́ ju bí ìjọba ṣe fẹ́ lọ. Ní 1970, àwọn ọmọ tí wọ́n bí lé ní mílíọ̀nù kan. Ní 2023, 230,000 péré ni. Ìpíndọ́gba ọdún yẹn jẹ́ 0.72 fún obìnrin kan. Ó gòkè díẹ̀ sí 0.75 ní 2024 nítorí pé ìgbéyàwó tí kòrónà dá dúró tún bẹ̀rẹ̀.

Owó ni wọ́n kọ́kọ́ rò pé yóò tún un ṣe. Láti 2006, ìjọba ti ná ohun tó ju 200 bílíọ̀nù dọ́là lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé kan, Booyoung, bẹ̀rẹ̀ ní 2024 láti máa fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó bá bímọ ní 100 mílíọ̀nù wọ́ọ̀nù lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ń lọ sí bíi 75,000 dọ́là. Àwọn ọ̀rẹ́ mi níbí kàn rẹ́rìn-ín ni. Wọ́n ní owó yẹn kò lè ra yàrá ìdáná ní Seoul.

Léṣìnì wọn nìkan tó ohun tí èèyàn ń sá fún. Bí ọmọ bá ti iléèwé dé, á tún lọ síbi ẹ̀kọ́ àfikún. Ní Seoul, òfin ni wọ́n fi ní kí àwọn ibẹ̀ ti ilẹ̀kùn ní aago mẹ́wàá alẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn kò ní tì í. Obìnrin ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì dalẹ́, iṣẹ́ ilé ṣì ń dúró dè é. Ẹni tí kò bá sì ṣègbéyàwó, kì í sábà bímọ, nítorí ìtìjú ńlá ni lójú wọn. Ọ̀pọ̀ obìnrin ti wá pinnu pé ìgbéyàwó fúnra rẹ̀ ni kí àwọn fi sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn arúgbó ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn. Nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tó ti lé ní ọdún 65 níbí, bíi 40 ló jẹ́ tálákà. Kòríà o, ibi tí wọ́n ti ń ṣe Samsung! Tí mo bá jáde láàárọ̀, mo máa ń rí ìyá àgbàlagbà tó ti tẹ̀, tó ń ti ọmọlanke páálí lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ìwọ̀n rà á. Àwọn ìyá wọ̀nyí kò bí ọmọ kan ṣoṣo o. Mẹ́ta, mẹ́rin ni wọ́n bí. Gbogbo ohun tí wọ́n ní ni wọ́n dà sórí iléèwé ọmọ, wọn kò fi nǹkan kan pamọ́, torí àṣà ibí náà ni pé ọmọ ni yóò tọ́jú òbí. Pẹ́ńṣọ̀n gbogbogbòò ò sì bẹ̀rẹ̀ títí di 1988, nítorí náà ohun tí wọ́n dá síbẹ̀ kò tó nǹkan. Ọmọ wá kàwé tán, ó ríṣẹ́ ní Seoul, owó ilé àti owó léṣìnì ọmọ tirẹ̀ gbé e mì. Kò sí ohun tó kù tó lè fi ránṣẹ́ sílé.

Bọ̀dé_Àkúrẹ́

Ọ̀gá mi, 0.72? Báwo ni èèyàn ṣe ń bí ọmọ tí kò pé odidi? Ṣé orí ni wọ́n ń kọ́kọ́ bí ni?

Kọ́lá_Daejeon

😂 Kó ọgọ́rùn-ún obìnrin jọ. Bí bíbí bá dúró bó ṣe wà lọ́dún yẹn, ọmọ 72 ni gbogbo wọn yóò bí jálẹ̀ ayé wọn. Nínú 72 yẹn, bíi 35 ni obìnrin. Àwọn 35 náà yóò wá bí ọmọ 25. Bí ọgọ́rùn-ún ìyá ṣe ń di ọmọ-ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nìyẹn, láìsí ogun, láìsí àjàkálẹ̀ àrùn.

Rónkẹ́_Ìkòròdú

Ọ̀rọ̀ Kòríà yìí, bí ẹni pé ẹnìkan wá kọ ìtàn ilé mi ni.

Ọmọ kan ni mo ní, ìyá ọkọ mi sì ń bèèrè èkejì lójoojúmọ́ bí ẹni ń bèèrè gbèsè. Aago márùn-ún àárọ̀ ni mò ń jáde nílé lọ sí Island, tí mo bá wọlé ní aago mẹ́jọ alẹ́, ọjọ́ ire ni. Ta ni yóò bá mi wo èkejì? Ìlá ni wọ́n ti tọ́ èmi dàgbà, nínú agbo ilé. Kí ìyá mi tó ti ọjà dé, mo ti lè jẹun lọ́wọ́ ìyàwó ilé mẹ́ta, ẹnikẹ́ni ló sì lè nà mí. Níbi tí à ń gbé nísinsìnyí, orúkọ ẹni tó wà lókè wa gan-an n kò mọ̀. Ìyá mi ṣì ń ta aṣọ ní Ìlá, wọn kò ráyè wá jókòó tì mí, n kò sì bá wọn wí.

Owó iléèwé ọmọ kan yìí, n ò ní sọ iye rẹ̀ níbí. Ẹnìkan á ní kí n mú un lọ síléèwé ìjọba. Mo ti lọ wo èyí tó sún mọ́ wa. Mo kí wọn, mo sì padà.

Ẹ má wí pé a kò fẹ́ràn ọmọ. Ìyá mi ní ọmọ kì í pọ̀ jù, òótọ́ sì ni lójú wọn, torí aṣọ àti oúnjẹ ni wọ́n ń wá fún wa. Tèmi ní láti mọ kọ̀ǹpútà, kó mọ Òyìnbó lẹ́nu, kí eyín rẹ̀ tò. Àwa la gbé òṣùwọ̀n náà sókè tó bẹ́ẹ̀, gbogbo wa la sì ń sá tẹ̀lé e.

Alága_Àpọ́n

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ̀yin obìnrin òde òní lẹ fẹ́ràn owó ju ọmọ lọ. Ìyá mi bí mẹ́jọ, wọ́n sì ń ṣòwò wọn lọ ní tiwọn.

Rónkẹ́_Ìkòròdú

Ẹ̀gbọ́n yín obìnrin àgbà ló tọ́ ẹ̀yin kékeré dàgbà. Ẹ pè é kí ẹ bi í bóyá ó parí iléèwé.

Alága_Àpọ́n

...Kò parí. Mo gbọ́.

Ará_Salvador

Ẹ kú ìjíròrò. Mo ń kọ́ àwọn ará ibí ní Yorùbá ní Bahia, Bùràsíìlì. Kó má jẹ́ pé Éṣíà nìkan la ó máa tọ́ka sí: ní 1960, obìnrin Bùràsíìlì ń bí ju mẹ́fà lọ, nínú ìkànìyàn 2022, ó ti di 1.55. Ìjọba kò fi òfin de ẹnikẹ́ni. Ìlú Salvador tí mo wà yìí dínkù láti nǹkan bí 2.67 mílíọ̀nù ní 2010 sí 2.42 mílíọ̀nù ní 2022, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó kó lọ sí àwọn ìlú ìtòsí wà lára ìdí rẹ̀.

Ẹ ó gbádùn èyí: ìwádìí kan tó jáde ní 2012 fi hàn pé ibi tí àwòrán tẹlifíṣọ̀n Globo bá ti dé, ọmọ bíbí ń dínkù níbẹ̀. Eré alálẹ́alẹ́ ni wọ́n ń wò. Nínú eré wọ̀nyẹn, púpọ̀ nínú àwọn obìnrin tó rẹwà, tó lówó, kì í bímọ rárá tàbí kí wọ́n bí ẹyọ kan. Ẹ wá fi wé fíìmù tiwa, níbi tí ìyá ọkọ ti ń ju ẹrù ìyàwó síta torí pé kò tíì bí. Bóyá àwọn fíìmù wa ló fà á tí a kò tíì dé ibi tí wọ́n dé!

Nǹkan mìíràn tí mo rí níbí kàn yín gan-an. Nínú àwọn ilé òrìṣà, àwọn ìyá àgbà kan wà tí wọn kò bímọ lára wọn rí. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ṣe ìgbàwọlé fún nínú ilé náà, àti àwọn tó kéré sí wọn, ọmọ wọn ni. Wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún wọn, wọ́n ń fọṣọ wọn, wọ́n ń gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Àwọn baba ńlá wọn, wọ́n ti tà wọ́n kúrò lọ́dọ̀ ẹbí. Ilé òrìṣà ni wọ́n fi tún ẹbí dá. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀ o, ìjà wà níbẹ̀ bó ṣe wà níbi gbogbo.

Nọ́ọ̀sì_Ìbàdàn

Mo fẹ́ dá Àbẹ̀kẹ́ lóhùn tààrà, torí àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú.

Iye ọmọ kọ́. Ẹni tó wà nítòsí ni. Ìyá tó bí méje ń wọlé wá, ẹnìkan ṣoṣo ló ń tẹ̀lé e, ọmọbìnrin tàbí ìyàwó ọmọ. Àwọn mẹ́fà yòókù wà lórí fóònù. "Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi fún Màmá ní fóònù." "Nọ́ọ̀sì, kí ló dé tí ẹ kò tíì ṣe ìdánwò yẹn?" Ẹni tó wà níbẹ̀ ni yóò ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, òun ni yóò ra pámpáàsì àgbà, tí owó rẹ̀ ti ju ti ọmọ lọ, òun náà ni wọ́n máa bú tí egbò bá yọ ní ìdí Màmá.

Ìmọ̀ ìtọ́jú àgbà kò pẹ́ nílẹ̀ wa. Ní 2012 ni UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìbàdàn, ṣí ibùdó tó jẹ́ ti àwọn arúgbó nìkan, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Kó tó dìgbà náà, ìlà kan náà ni Màmá ẹni ọgọ́rin ọdún àti géńdé ń tò. Ìjọba kò ka ọ̀rọ̀ náà sí kíákíá, torí ẹni tó lé ní 65 kò ju bíi mẹ́ta lọ nínú ọgọ́rùn-ún láàárín wa. Ṣùgbọ́n mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó ju igba mílíọ̀nù lọ, ẹ ṣírò rẹ̀.

Ní ti ṣíṣarán, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun àti àwọn onímọ̀ láti Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní 1992, wọ́n fi àwọn àgbà Ìdìkan ní Ìbàdàn wé àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Nígbà tí èsì jáde ní 2001, tiwa kéré sí tiwọn dáadáa. Ó kéré o, kì í ṣe pé kò sí. Àwọn tí mo ń rí, kí wọ́n tó gbé wọn dé ọ̀dọ̀ wa, àdúgbò ti ní àjẹ́ ni wọ́n, torí pé wọ́n ń rìn kiri lóru tí wọ́n ń dá sọ̀rọ̀. Ìyá tó bí mẹ́jọ, tí wọ́n ń pè ní àjẹ́ nítorí pé kò sẹ́nìkan nílé tó lè máa ṣọ́ ọ kó má jáde.

Ẹni_tó_wà_nílé

Kíkà ni mo máa ń kà níbí, n kì í sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni ẹni tí Nọ́ọ̀sì ń sọ yẹn.

Iléṣà ni mo wà. Àwa mẹ́fà ni wọ́n bí. Rọpárọsẹ̀ kọlu Bàbá wa, wọ́n ṣèpàdé lórí fóònù, wọ́n ní "ṣebí ìwọ kò níṣẹ́ tó ṣe gúnmọ́." Òkìrìkà ni mò ń tà, ṣọ́ọ̀bù mi sì ń lọ déédéé. Mo tì í pa. Wọ́n ń fi owó ránṣẹ́, n ò ní purọ́ mọ́ wọn, owó ń wọlé. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó wà ní Canada ní kí wọ́n so kámẹ́rà mọ́ pálọ̀ kí òun lè máa wo Bàbá. Ó ń wò wá lóòótọ́. Yóò pè: "Aago mẹ́sàn-án ti lù, kí ló dé tí Bàbá kò tíì jẹun?" Kámẹ́rà kò rí ilé ìdáná, kò rí ilé ìwẹ̀. Kò mọ bí ara ọkùnrin tí apá kan rẹ̀ ti kú ṣe wúwo tó.

Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ọmọ bíbí. Mo ti lé ní ẹni ogójì ọdún. Ọkùnrin kan ń bá mi bọ̀, ó wá kí mi nílé, ó rí bẹ́ẹ̀dì ní pálọ̀, ó rí ọ̀pá omi ìtọ̀. Ó ní òun ń bọ̀. N kò tíì rí i. Nítorí náà, nínú ìṣirò tí Bàbá Tíṣà ṣe, ẹ kọ òdo sí iwájú orúkọ mi, ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé títọ́jú òbí ló fà á.

Mo mọ bí ìsìnkú náà yóò ṣe rí. Àwọn márùn-ún yóò wọlé, fọ́tò Bàbá yóò wà lára bọ́ọ̀sì, wọ́n á máa náwó lé olórin lórí. Àwọn èèyàn yóò ní ọmọ sin ín. Èmi ni yóò máa pín oúnjẹ lẹ́yìnkùlé.

Rónkẹ́_Ìkòròdú

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìfaradà. N kò mọ ohun tí mo lè sọ.

Àbẹ̀kẹ́_Leeds

Mo ka ọ̀rọ̀ yín ní bùrékì, mo ní láti jáde lọ dúró síta fún ìgbà díẹ̀.

Àwọn kan fi ìwé ránṣẹ́ sí mi pé kí n kúkú mú Màmá wá síbí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Láti 2012 ni wọ́n ti mú òfin yẹn le: òbí ní láti ṣàìsàn débi pé kò lè wẹ ara rẹ̀, kó tún jẹ́ pé kò sí ẹni tó lè tọ́jú rẹ̀ nílé lọ́hùn-ún, owó tí a bá fi ránṣẹ́ kò sì ní lè ra ìtọ́jú náà. Ẹni tó bá ń sanwó fún ọmọ ọ̀dọ̀ ti jákulẹ̀ nìyẹn.

Ní ti ohun tí Nọ́ọ̀sì sọ, mo ṣàkíyèsí ibi iṣẹ́ mi dáadáa. Àwọn tó bí mẹ́rin wà níbẹ̀, àwọn tí kò bí rárá wà níbẹ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń wá wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń gbé nílùú yìí. Obìnrin kan wà tí kò bímọ, aládùúgbò rẹ̀ àtijọ́ ń wá bá a ta káàdì ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Mo sì rí i pé ìjọba ń sanwó níbí fún ẹni tí kò ní. Owó náà kò tó, àríwísí wà lóríṣiríṣi, ṣùgbọ́n ó wà. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ ni gbogbo rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọmọ fi ń ṣẹ́ lábẹ́ ẹrù.

Tíṣà_Ìjẹ̀bú

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Òfin pẹ́ńṣọ̀n ilẹ̀ wa, ti 2004 àti ti 2014 tó rọ́pò rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba àti òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ló ń bá wí jù. Ìyá Àbẹ̀kẹ́, bí ó bá jẹ́ oníṣòwò, òfin náà kò fi dandan mú un wọlé. Èkìtì gbìyànjú ní 2011 lábẹ́ Fáyẹmí, ₦5,000 lóṣooṣù fún ẹni tó lé ní 65. Owó ṣì jẹ́ owó nígbà náà. Mo bá àwọn ìyá kan sọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé owó yẹn ni wọ́n fi ń ra oògùn láìtọrọ lọ́wọ́ ọmọ, inú wọn sì dùn sí ìyẹn ju iye rẹ̀ lọ. Irú rẹ̀ máa ń bá gómìnà lọ ni.

Mo ní àbá kan. Ní Ìjẹ̀bú a ní regbéregbé, ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n bí ní sáà kan náà, tí Awùjalẹ̀ Adétọ̀nà mú sọjí. Ọjọ́ Ojúde Ọba ni gbogbo ayé ń rí wa. Ẹgbẹ́ tó lè kó èèyàn jọ, tó lè gba owó lọ́wọ́ wọn láìsí ọlọ́pàá, ṣé kò lè sanwó fún àwọn tí yóò máa tọ́jú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ti dùbúlẹ̀? A máa gba àwọn ọmọbìnrin tó ti kẹ́kọ̀ọ́, pẹ̀lú owó oṣù gidi.

Bọ̀dé_Àkúrẹ́

Bàbá, ẹ má bínú, owó aṣọ ẹgbẹ́ ọdún kan ṣoṣo yóò tọ́jú arúgbó fún ọdún mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún wọn pé kí wọ́n má rán aṣọ lọ́dún yìí? Ẹ̀yin?

Tíṣà_Ìjẹ̀bú

Èmi kọ́. Aṣọ náà ń wù mí. A ó rán aṣọ, a ó sì fi owó kún un.

Ìyàwó_Èkó

Ẹ̀gbọ́n mi Àbẹ̀kẹ́, ṣé ẹ rò pé n ò ní rí i ni? Èmi ni àbúrò náà, gbogbo ilé. Ẹ kú àsọyé lórí ilé ọmọ mi.

Màmá kò bínú sí mi. Wọ́n pè mí lọ́jọ́ kejì, wọ́n rí i pé kò sẹ́nìkan lọ́dọ̀ wọn kí wọ́n tó sọ ọ́: wọ́n ní àwọn náà fẹ́ dúró lórí mẹ́ta, ìyá Bàbá wa ni kò gbà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo sọ ọ́ síta. Èmi tí mo jẹ́ ìkarùn-ún, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá Bàbá wa, ṣùgbọ́n ọmọ kan náà ni mo ṣì ń bí.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ èyí tó ká mi lára. Ọmọbìnrin tó wà lọ́dọ̀ Màmá fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀. Ó sọ fún mi nígbà tí mo lọ síbẹ̀ kẹ́yìn. Ó ní òun ti lé ní ọmọ ogún ọdún, òun náà ń wá ayé tòun. Èmi kò lè bá a jà. Ó ní títí dé ìparí ọdún.

Àbẹ̀kẹ́_Leeds

Kí ló dé tí o kò tètè sọ? Ṣé Màmá ti gbọ́?

Ìyàwó_Èkó

Wọn kò tíì gbọ́. Ẹ̀rù ń bà á láti sọ fún wọn.

Ẹni_tó_wà_nílé

Ẹ̀yin méjèèjì, kí ẹ tó wá ẹlòmíì, ẹ bi í bóyá ó lè máa lọ síbi iṣẹ́ télọ̀ náà ní Òṣogbo níbẹ̀ láàárọ̀ kó sì máa padà wálé lọ́sàn-án. Ẹ san owó ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀. Kí ẹ wá gba ẹnìkejì tí yóò wà pẹ̀lú Màmá ní àárọ̀. Ẹ fún un ní ọjọ́ tí kò ní ṣe nǹkan kan rárá lọ́sẹ̀. Ẹ sì má so kámẹ́rà.

Àbẹ̀kẹ́_Leeds

Mo gbọ́. Mo ń pè é báyìí.